Títú Ìmọ̀: Ògbufọ̀, Ìdánimọ̀ àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ojoojúmọ́

Ìfáárà

Ẹ kú ìjókòó.

Ìkíni tí mo kí yín tán yìí kò ṣe é gbé lọ sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti rí. Bí ògbufọ̀ bá gbìyànjú rẹ̀, ohun tí yóò jáde ni pé mo ń bá yín yọ̀ pé ẹ jókòó, èyí yóò sì pa àlejò lẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnìkan nínú gbọ̀ngàn yìí tí ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́. Ohun tí ẹ gbọ́ ni pé mo rí yín, pé mo mọ̀ pé ẹ fi iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ kí ẹ tó wá, pé mo sì mọ̀ pé ìjókòó pípẹ́ ní wàhálà tirẹ̀. Lórí irú ọ̀rọ̀ kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí á jọ ronú lónìí. Èrò tí mo mú wá kò ju ẹyọ kan lọ: inú ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lójoojúmọ́ láìronú sí i ni ìwà àwùjọ fi ṣe ilé, ju inú ọ̀rọ̀ ńláńlá lọ. Ògbufọ̀ ni ó sì sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń há sí.

Orúkọ tí àwọn baba wa fún iṣẹ́ náà gan-an yẹ fún àkíyèsí. Bí a bá já ọ̀rọ̀-ìṣe túmọ̀ sí wẹ́wẹ́, a óò rí tú àti ìmọ̀ nínú rẹ̀. Tú ni a ń ṣe sí ẹrù tí a dì, sí okùn tí ó ta kókó, sí irun tí a ti dì fún ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rọ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì, translate, wá láti inú èdè Látìnì, níbi tí ó ti jẹ mọ́ gbígbé nǹkan kọjá láti ìhín dé ọ̀hún. Ẹni tí ó ń gbé ẹrù lè má mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń tú u kò lè ṣe aláìmọ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ tọ̀ lẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ mi.

Orúkọ tí ìkíni sọ wá

Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin ọdún 1807 de òwò ẹrú, àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ akẹ́rú dúró lójú òkun. Freetown ní Sierra Leone ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ. Nígbà tí ogun gba ilẹ̀ wa kan ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ènìyàn wa pọ̀ jọjọ láàárín àwọn tí a kó dé ibẹ̀. Ará Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ìjẹ̀ṣà kò gbẹ́yìn. Kálukú ń jẹ́ orúkọ ìlú tàbí ẹ̀yà rẹ̀. Kò tíì sí orúkọ kan ṣoṣo tí gbogbo wọn fọwọ́ sí.

Àwọn aládùúgbò wọn ní Freetown kò mọ Aláàfin, wọn kò sì mọ Ọọ̀ni tàbí Awùjalẹ̀. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àlejò wọ̀nyí láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni ẹ kú yìí, ẹ kú tọ̀hún. Wọ́n bá pè wọ́n ní Aku. Orúkọ náà mọ́ wọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí Koelle, ajíhìnrere ọmọ Jámánì tí ó kó ọ̀rọ̀ èdè púpọ̀ jọ nínú ìwé rẹ̀, Polyglotta Africana, ní ọdún 1854, fi Aku ṣe orúkọ fún àkójọ àwọn ẹ̀ka-èdè wa. Ó tako àwọn tí ń fi Yorùbá pe gbogbo wa, nítorí pé ẹ̀yà kan ṣoṣo nínú wa ni orúkọ náà ń tọ́ka sí nígbà náà. Òótọ́ sì ni: Ọ̀yọ́ ni àwọn Hausa ń fi orúkọ Yorùbá pè kí ìwé àwọn ajíhìnrere tó sọ ọ́ di ti gbogbogbòò.

Ẹ jẹ́ kí á sọdá òkun lọ sí Cuba. Lukumí ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé inú olùkù mi, tí í ṣe ọ̀rẹ́ mi, ni orúkọ náà ti jáde. Kí á pa méjèèjì pọ̀. Níbi tí a ti gba ilé, oyè, aṣọ àti orúkọ àbísọ lọ́wọ́ ènìyàn, ohun tí ó kù tí àjèjì fi dá a mọ̀ ni bí ó ti ń kí ẹlòmíràn àti bí ó ti ń pe ẹnìkejì rẹ̀. Kò sí ọba kan tí ó fún wa ní orúkọ Aku, kò sì sí ìgbìmọ̀ kan tí ó jókòó lé e lórí. Ẹnu ojoojúmọ́ ni ó sọ wá bẹ́ẹ̀.

Àjàyí àti àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yàn

Inú àwọn Aku wọ̀nyí ni ògbufọ̀ tí ó lókìkí jù lọ nínú ìtàn wa ti jáde. Òṣoògùn ni a bí Àjàyí sí. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó ìlú náà, tí wọ́n sì mú un lẹ́rú. Ní ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí a fi ń kó o lọ. Ó ṣe ìrìbọmi ní Freetown ní ọdún 1825, ó di Samuel Crowther, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní ọdún 1827. Láti ìgbà náà ni èdè ti ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ Látìnì àti Gíríìkì, ó kọ́ èdè Temne. Ní ọdún 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ jáde. Ní ọdún 1857 ó ṣe ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún èdè Ìgbò. Ní ọdún 1864, ọdún tí ó di bíṣọ́ọ̀bù, ìwé gírámà rẹ̀ lórí èdè Nupe jáde. Iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bíi Thomas King dáwọ́ lé mú Ìwé Róòmù jáde ní ọdún 1850, odidi Bíbélì sì parí ní ọdún 1884.

Crowther fúnra rẹ̀ jẹ́rìí nínú ìwé ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ pé bí òun bá ń wá ìdí ọ̀rọ̀ kan, ó máa ń mú òun wọ inú ìtàn àti àṣà àwọn Yorùbá. Títú ìmọ̀ gan-an nìyẹn. Kí á wo méjì nínú ohun tí ó tú.

Èkíní ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yá. Ẹ̀sìn Mùsùlùmí ti wà láàárín wa tipẹ́ kí àwọn ajíhìnrere tó dé, ó sì ti kó ọ̀rọ̀ Lárúbáwá wọ ẹnu àwọn ènìyàn wa. Nígbà tí Crowther ń wá ọ̀rọ̀ fún ìsìn tuntun, kò sá fún wọn. Àdúrà, wàásù, wòlíì, àlùfáà: gbogbo wọn gba ọ̀nà mọ́ṣáláṣí dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àlàáfíà, tí òun náà ti inú Lárúbáwá wá, ni Bíbélì wa fi pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní peace. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ìyẹn fà. Ọ̀rọ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń darí ọkàn sí ibi tí ìjà kò sí. Àlàáfíà ti Yorùbá bẹ̀rẹ̀ láti ara líle. Ẹni tí ó bá bi yín pé, “Ṣé àlàáfíà ni?” ń béèrè ara, ọmọ, ilé àti iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Títí di òní, ọmọ ìyá méjì tí ọ̀kan ń kírun tí èkejì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń pe àdúrà ní àdúrà. Mo gbà pé pínpín tí wọ́n jọ pín ọ̀rọ̀ wà lára ohun tí ó jẹ́ kí wọ́n lè jọ jẹun nínú àwo kan náà. Ẹni tí ó bá ń wá Yorùbá tí kò lábùlà yóò ní láti kọ́kọ́ yọ àlàáfíà kúrò nínú rẹ̀.

Èkejì kò dára tó bẹ́ẹ̀. Èṣù, òrìṣà oríta, tí í gbé ẹbọ dé ọ̀run, ẹni tí àwọn onífá kì í gbàgbé níbi ìrúbọ, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀tá Ọlọ́run inú Bíbélì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí ìdílé tí ń jẹ́ Èṣùbíyìí máa wá orúkọ mìíràn. Àwọn tí a kó lọ sí Cuba túmọ̀ òrìṣà kan náà ní ọ̀nà tiwọn. Lára ohun tí wọ́n fi ṣe ojú Ẹlẹ́gbára nínú ìsìn Kátólíìkì ni ère ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Santo Niño de Atocha, ọmọ arìnrìn-àjò tí ó gbé agbọ̀n lọ́wọ́. Ní Brazil, àwọn Kátólíìkì fi Exu wé Bìlísì bí a ti ṣe nílé. Òrìṣà kan náà di ọmọ mímọ́ ní ibì kan, ó di ọ̀tá ní ibòmíràn, ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ yàn ni ó sì ya ọ̀nà méjèèjì. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Àwọn ògbufọ̀ tí ó dé lẹ́yìn kọ́gbọ́n nínú èyí. Nígbà tí Wole Soyinka túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní ọdún 1938, sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, ìṣòro kan náà ni ó bá pàdé: kí ni kí á pe irúnmọlẹ̀? Daemons ni ó kọ sínú àkọlé rẹ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ yan akọtọ́ àtijọ́ tí ó súnmọ́ Gíríìkì, kí òǹkàwé má baà ronú lọ sí iná ọ̀run àpáàdì. Lẹ́tà kan péré ni ó fi kún un. Nínú iṣẹ́ wa, lẹ́tà kan lè gba odidi ẹ̀yà ẹ̀dá lọ́wọ́ ẹ̀gàn.

Ohun tí gírámà ń fi ipá béèrè

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rọrùn láti ṣàkíyèsí. Èyí tí ó farasin jù ni àwọn ọ̀rọ̀ tí gírámà fi ń mú wa sọ ohun tí a kò gbèrò láti sọ.

Bí Gẹ̀ẹ́sì bá wí pé my brother wá, ó ti sọ fún wa pé ọkùnrin ni, kò sì sọ ẹni tí ó dàgbà. Bí Yorùbá bá wí pé àbúrò mi wá, ó ti sọ ẹni tí ó kéré, kò sì sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ògbufọ̀ tí ó wà láàárín kò lè dákẹ́. Ó gbọ́dọ̀ wádìí ọjọ́ orí níhìn-ín, akọ tàbí abo lọ́hùn-ún. Bíbélì wa lo arákùnrin àti arábìnrin níbi tí ó bá ti fẹ́ bọ́ nínú ìdè yìí, àwọn ọ̀rọ̀ náà sì gbilẹ̀ nínú ìjọ. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ilé tiwa: a kì í pe ọmọ ìyá wa ní arákùnrin nígbà tí a bá ń rán an níṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní ẹrù tí ó ń rù, àbúrò ní ẹ̀tọ́ tí ó ń retí. Arákùnrin kò gbé ẹrù kankan.

Bákan náà ni arọ́pò-orúkọ wa ó. Olódùmarè, ó dá ayé. Nínú Yorùbá, gbólóhùn yìí kò sọ ọ́ di ọkùnrin, kò sì sọ ọ́ di obìnrin. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, He ni ó ń dà. Ìtàn Odùduwà tilẹ̀ tún ṣòro ju èyí lọ, nítorí pé akọ ni ní ibì kan, abo sì ni nínú ìtàn ibòmíràn. Ọlọ́rọ̀ Yorùbá lè sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdá sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ti dájọ́ láti ìlà àkọ́kọ́.

Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ kìlọ̀ kí á má ṣe yangàn jù. A máa ń wí pé ọ̀wọ̀ wà nínú èdè wa nítorí pé a kì í pe àgbà ní ìwọ, ẹ̀yin ni a ń lò. Àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Yorùbá àjùmọ̀lò ni èyí bá mu. Ní Oǹdó, ní Ìjẹ̀bú àti ní ọ̀pọ̀ ìlú ìlà-oòrùn ilẹ̀ wa, ọmọ lè fi arọ́pò-orúkọ ẹlẹ́yọ bá baba rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ka-èdè rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ka ìyẹn sí àfojúdi. Inú ìkúnlẹ̀, inú ìdọ̀bálẹ̀, inú ohùn rẹ̀lẹ̀rẹ̀lẹ̀ ni ọ̀wọ̀ wọn wà. Nínú Bíbélì ọdún 1884 náà, ọmọ ń pe baba ní ìwọ, a sì ń pe Ọlọ́run bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kọ́ ni ìwà gan-an. Ilé tí ìwà ń gbé ni ọ̀rọ̀, ìwà kan náà sì lè ní ilé púpọ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ kékeré ti di ẹ̀mí

Ẹnìkan lè bi mí léèrè pé, kí ni gbogbo èyí já mọ́ fún ẹni tí kò kàwé lítíréṣọ̀? Ẹ jẹ́ kí á wọ inú ilé ẹjọ́. Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ẹnikẹ́ni tí a bá fi ẹ̀sùn ọ̀ràn kàn ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀, bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń gbọ́ ẹjọ́ náà. Ẹ̀tọ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ro ti awakọ̀ kan tí ọkọ̀ rẹ̀ kọlu ẹni tí ń sọdá títì. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé ẹni náà dìde, ó ń wí pé, “Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́ o.” Ẹlẹ́rìí ròyìn èyí, ògbufọ̀ sì sọ fún adájọ́ pé awakọ̀ náà sọ pé òun sorry. Etí tí a fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ lè gbọ́ èyí bí ìjẹ́wọ́.

Gbogbo wa nínú gbọ̀ngàn yìí mọ̀ pé ìjẹ́wọ́ kọ́ ni. Pẹ̀lẹ́ ni a ń sọ fún ẹni tí ó fẹsẹ̀ kọ nígbà tí a jìnnà sí i, fún ẹni tí orí ń fọ́, fún ẹni tí òjò pa. Ẹni tí ó bá gbà pé òun jẹ̀bi a máa wí pé má bínú, tàbí kí ó tọrọ àforíjì. Yorùbá ti ya àánú sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀bi, ó sì jẹ́ kí a lè káàánú ẹni tí a kò ṣẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọmọ wa, bí ó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, fi máa ń wí pé sorry fún ẹni tí ó já lulẹ̀, tí àjèjì á sì bi í pé, “Ìwọ ni o tì mí ni?” Èdè ti yí padà lẹ́nu rẹ̀, ìwà kò tíì yí.

Ẹ tún gbọ́ ìyá tí ó ń bá ọmọ rẹ̀ wí: “N óò pa ọ́ lónìí!” Ọmọ náà mọ̀ pé pàṣán ni, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó pàṣán. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dé kóòtù láìtú, ìpànìyàn ni yóò dà. Ẹni tí ó ń gbé e kọjá ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ní ojú ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹni tí ó ń tú u ni yóò sọ fún adájọ́ irú ẹnu tí ó jáde láti inú rẹ̀.

Nítorí náà, ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ yẹ fún ẹ̀kọ́ gidi, kì í ṣe pé kí á kàn pe akọ̀wé tí ó bá wà nítòsí. Ìwé òfin kan náà, ní abala 55, gba kí àwọn ilé aṣòfin àpapọ̀ lo Hausa, Ìgbò àti Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí a bá ti ṣe ètò tí ó tó. Ètò náà kò lè tó láìsí ògbufọ̀. Iṣẹ́ yunifásítì ni láti kọ́ wọn.

Àgbálọgbábọ̀

Ní ọdún 1970 ni ìwádìí Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé wọn kò rẹ̀yìn lẹ́gbẹ́ wọn. Ní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí ó fi èdè abínibí ṣe èdè ìkọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí á padà sí. Àwọn tí ó gbé ìpinnu yìí kalẹ̀ ń ronú lórí ìdánwò àti iṣẹ́ oṣù. N kò fojú kéré ìyẹn. Ohun tí ògbufọ̀ lè fi kún àríyànjiyàn náà ni pé kí á ka ohun tí ó wà nínú ẹrù kí á tó gbé e sọ̀kalẹ̀.

N kò ní sọ fún yín pé ìwà yóò kú bí èdè bá kú. Oǹdó ti kọ́ wa pé ọ̀wọ̀ lè wà láìsí ẹ̀yin. Ọmọ Yorùbá tí a bí ní London, tí kò gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, lè mọ iyì ẹni tí ń gbálẹ̀ títì. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye tí yóò ná àwọn òbí rẹ̀. Wọn yóò jókòó, wọn yóò ṣàlàyé, wọn yóò tún un ṣàlàyé, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí ó ń fi ipá mú un kí gbálẹ̀gbálẹ̀ náà. Lẹ́nu ọmọ tí ó ń sọ Yorùbá, ẹ kú iṣẹ́ ti jáde kí ó tó ronú. Ó ti fi hàn pé òun rí ẹni náà, pé òun rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àti pé iṣẹ́ tó ohun tí à ń kí ènìyàn sí. Ọ̀fẹ́ ni èdè kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ yìí.

Ìyẹn ni mo fẹ́ kí á mú lọ sílé. Bí a bá jọ̀wọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyí, gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́ ni a óò máa fi owó, àkókò àti ìwàásù rà padà, bí a bá tilẹ̀ rántí rà á. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí á máa sọ wọ́n sí etí àwọn ọmọ wa, kí á sì kọ́ àwọn tí yóò lè tú wọn fún àjèjì.